Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kẹ̀kẹ́ oníná wo ló yẹ ẹni ọdún 67?

Orúnkún-Ń-Ro-Mí:
Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọdún 67 ni mí. Mo gun kẹ̀kẹ́ dáadáa nígbà èwe mi, àmọ́ ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti gbé e tì. Orúnkún ọ̀tún máa ń ro mí bí mo bá ń gun òkè, èémí mi náà ò sì gùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo wá ń rí àwọn ẹgbẹ́ mi lórí kẹ̀kẹ́ oníná, èyí tí ẹ̀rọ oníbátìrì ń bá ẹsẹ̀ ẹni yí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ iléèwé tó gba ọlidé, ó sì ń wù mí.

Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ń ka wáàtì, fóòtì àti kìlómítà fún mi bí ẹni ń ki oríkì. Kó tó parí, orí mi ti dà rú. Baálé mi ní èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lágbára jù ni kí n mú, kí n má baà kábàámọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Mi ò fẹ́ ṣubú o.

Àgbà-Orí-Kẹ̀kẹ́:
Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ọdún 72 lèmi, ọdún kẹfà mi sì nìyí lórí kẹ̀kẹ́ oníná. Ẹ bá mi bẹ baálé yín, mo fẹ́ ta kò wọ́n díẹ̀: agbára ẹ̀rọ ló yẹ kí ẹ wò kẹ́yìn. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bí ẹ ṣe máa gorí ẹ̀ àti bí ẹ ṣe máa sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣubú, mi ò sì sáré nínú méjèèjì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ìjókòó, bàtà mi bá kọ́ ẹrù tí mo dì sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kejì, mo tiẹ̀ ti dúró tán. Kẹ̀kẹ́ wá tẹ̀ sápá kan. Kílò 27 ni. Mi ò lè dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀, làwa méjèèjì bá jọ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí igi tí wọ́n fi ayùn gé. Ojú tì mí ju bó ṣe dùn mí lọ.

Torí náà, èyí tí àárín rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa ni kí ẹ mú, tí irin kankan ò dábùú ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Àwọn kan ń pè é ní kẹ̀kẹ́ obìnrin. Ọkùnrin ni mí, òun náà ni mò ń gùn, kí wọ́n máa wí. Bí ẹ bá padà débẹ̀, ẹ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì pa, kí ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kọjá láìfi ọwọ́ gbé itan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá ti ń ni yín lára ní ẹ̀ẹ̀keje, ọjọ́ tó bá ti rẹ̀ yín láti òde ńkọ́?

Ọ̀rẹ́-Ṣéènì:
Òótọ́ pọ́ńbélé ni Bàbá sọ. Kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ oríkì tí ọmọkùnrin yẹn ń ki fún yín.

Ibi méjì ni ẹ̀rọ máa ń wà. Ó lè wà láàárín táyà, tiwájú tàbí tẹ̀yìn. Ó sì lè wà ní ìdí pẹ́dàlì. Ti inú táyà kì í da ṣéènì láàmú, owó rẹ̀ sì máa ń dín díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí táyà yẹn bá jò, ẹ máa mọ̀ pé wáyà àti ìwúwo wà níbẹ̀. Ti ìdí pẹ́dàlì máa ń bá jíà kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tó fi mọ òkè gùn. Ìwúwo rẹ̀ wà nísàlẹ̀, láàárín gbùngbùn, kẹ̀kẹ́ kì í tètè yẹ̀. Àmọ́ ó máa ń jẹ ṣéènì àti eyín jíà kíákíá.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé ẹ fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Sẹ́ńsọ̀ ló ń ṣe ìyẹn, oríṣi méjì ló sì wà. Ọ̀kan kàn ń wò bóyá pẹ́dàlì ń yí ni. Bó bá ti ń yí, ó tó o, ẹ̀rọ ti dáhùn, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 2 ló ń yí i. Kò ní tètè dé, ìgbà tó bá sì máa dé, á dà bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́yìn. Bí ẹ bá dẹ́kun títẹ̀, ó tún máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́. Oríṣi kejì ń wọn bí ẹ ṣe tẹ pẹ́dàlì tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, á ràn yín lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, á ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Ẹni tó bá gun irú rẹ̀ rí máa ń sọ pé òun ò mọ̀ pé ẹ̀rọ wà níbẹ̀, pé ẹsẹ̀ òun ló padà di ti ọdún 30. Fún àgbà, ìkejì yìí ni mo máa ń tọ́ka sí, bó tilẹ̀ wọ́n jù. Ẹ bi òǹtajà pé: ṣé yíyí pẹ́dàlì ló ń wò ni àbí agbára ẹsẹ̀? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Ti wáàtì, ní Yúróòpù, òfin ò gbà ju 250 wáàtì lọ, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ bí eré bá ti tó kìlómítà 25 ní wákàtí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbà dé 750, ìrànlọ́wọ́ sì lè dé kìlómítà 32 tàbí 45 ní wákàtí, gẹ́gẹ́ bí oríṣi kẹ̀kẹ́ náà bá ṣe jẹ́. Ẹ wo ti ibi tí ẹ wà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé 250 wáàtì yẹn ló ń gbé ẹgbàágbèje àgbàlagbà gun òkè ní Yúróòpù lójoojúmọ́. Bí òkè bá pọ̀ níbi tí ẹ ń gbà, ẹ má bèèrè wáàtì, ẹ bèèrè Nm, agbára tí ẹ̀rọ fi ń yí nǹkan nìyẹn.

Bàbá-Pẹ̀lẹ́:
Ẹ tún bèèrè ìwúwo. Kílò 20 sí 30 ni ọ̀pọ̀ wọn. Ṣé àtẹ̀gùn wà nílé yín? Ṣé ẹ máa gbé e sẹ́yìn mọ́tò? Ta ni máa gbé e? Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó gbé e, ìyẹn nìkan lè dín kílò 3 kúrò. Ẹ sì wò ó bóyá ó ní bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tì í lọ. Ó wúlò púpọ̀ níbi tó bá ga.

Ọmọ-Màmá:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà. Èmi ò tíì dàgbà tó yín, màmá mi ni mo ra ti wọn fún, ẹni ọdún 70. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, torí àwọ̀ rẹ̀ wù mí. Màmá ò jókòó lé e rí kí n tó sanwó. Nígbà tó dé, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jìnnà sí wọn, wọ́n ní láti tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó bá a, láàárín ìṣẹ́jú 20 ọwọ́ wọn ti ń kú. Wọ́n fi í jókòó sí kọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Àwọn náà ò fẹ́ sọ fún mi, kí inú mi má baà bàjẹ́.

Ẹni tó bá wa tún un ṣe ló pààrọ̀ irin tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró, ó gbé e sókè, ó fà á sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ tó dára ni mo rà, mi ò kàn wọ̀n ọ́n mọ́ ẹni tó ni ín.

Lórí gíga ìjókòó, ẹ ṣọ́ra, torí ọ̀rọ̀ méjì ló ta ko ara wọn níbẹ̀. Bí ìjókòó bá wálẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ ilẹ̀, ọkàn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, orúnkún á máa ká jù, orúnkún tó ti ń ro ni á sì kọ́kọ́ pariwo. Bí a ṣe ṣe é ni pé a gbé e wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tó máa dúró sí ni pé, bí ẹ bá jókòó tí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ nà tán. Bí ẹ bá wá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, orúnkún á ká díẹ̀, kò ní jù.

Orúnkún-Ń-Ro-Mí:
Ha! Ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ̀rù ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ò tó ń bà mí.

Ọ̀rẹ́-Ṣéènì:
Irú kan wà, Màmá, tí wọ́n gbé pẹ́dàlì rẹ̀ síwájú ju ti gbogbo kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ máa jókòó, ẹsẹ̀ yín méjèèjì á tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, síbẹ̀ ẹsẹ̀ máa nà dáadáa bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń gùn díẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ lásán lọ, ó sì ń fẹ́ àyè láti yí. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń tà á, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè.

Nọ́ọ̀sì-Àná:
Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹnu ò fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó náwó. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan máa ń mú òòyì wá béèyàn bá dìde lójijì. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tó bá ṣubú tí orí rẹ̀ gbá nǹkan, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Ẹ̀jẹ̀ inú agbárí kì í kànlẹ̀kùn. Ẹ dé akoto tó ń dáàbò bo orí, kó sì bá orí yín mu. Èyí tó bá ti ṣubú rí, ẹ má tún un dé.

Èkejì, ẹ wo ìka yín. Bí oríkèé ọwọ́ bá ń ro yín, bíréèkì olómi ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe èyí tí wáyà ń fà. Ìka méjì tó láti tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé nítorí bíréèkì líle nìkan ló ṣe ń bẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí gbogbo wa rò pé ojora ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìrẹ́jẹ ni, pé ẹ̀rọ ló ń ṣe eré ìdárayá. Ẹsẹ̀ yín ló ń yí i. Yunifásítì Reading nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde ní 2019 lórí àwọn tó wà láàárín ọdún 50 sí 83. Àwọn kan gun kẹ̀kẹ́ lásán, àwọn kan gun oníná, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Àǹfààní fún ọpọlọ àti ìlera èrò ọkàn hàn lára àwọn tó gun oníná náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ń gùn ún tí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin, ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta:
Kò sẹ́ni tó máa dárúkọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni? Òòyì ló mú èmi kúrò lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Mi ò ní dọ́gbọ́n dúró, mi ò ní fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ẹrù mi wà nínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Mo dúró síbi tó wù mí, mo jókòó lé e bí ẹni jókòó lé àga.

Àgbà-Orí-Kẹ̀kẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ìyókù fún wọn. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo gbìyànjú rẹ̀ fẹ́ dojú mi dé ní kọ́nà àkọ́kọ́!

Ẹlẹ́sẹ̀-Mẹ́ta:
Ẹ ò purọ́. Bí ẹlẹ́sẹ̀ méjì bá ń yà, ó máa ń tẹ̀ síbi tó ń yà sí. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í tẹ̀, torí náà bí ẹ bá bá eré wọ kọ́nà, táyà inú á fẹ́ gbéra kúrò nílẹ̀. Kí ẹ tó dé kọ́nà ni kí ẹ ti dín eré kù, kí ẹ wá fi ara tẹ̀ síbi tí ẹ ń yà sí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà bá rẹlẹ̀ ju èkejì, á máa fà yín lọ síbẹ̀. Ẹni tó ti mọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì gan-an ló máa ń pẹ́ jù kó tó mọ̀ ọ́n, èmi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà ilé yín kí ẹ tó rà á. Èmi ò wọ̀n ọ́n. Ìta ló ń sùn títí a fi gbẹ́ ẹnu ọ̀nà.

Tí ẹ bá ṣì lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 10 láìdi nǹkan mú, bóyá ẹ ò tíì nílò rẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn, kì í ṣe ti dókítà.

Orúnkún-Ń-Ro-Mí:
Mo dìde lórí àga mi, mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Àáyá 14 ti òsì, 9 ti ọ̀tún. Baálé mi ń wò mí bí ẹni pé orí mi yí.

Ẹ dákun, bátìrì ńkọ́? Wọ́n ní kìlómítà 120 ni ọ̀kan ń lọ. Mo sì gbọ́ pé ó ń gbiná.

Ọ̀rẹ́-Ṣéènì:
Kìlómítà 120 yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fúyẹ́ ló gùn ún, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìrànlọ́wọ́ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, atẹ́gùn sì ń fẹ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò tiyín. Ẹ wo ara bátìrì, ẹ máa rí fóòtì (V) àti Ah, ìyẹn áńpíà-wákàtí. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bátìrì fóòtì 36 tó jẹ́ Ah 14, wáàtì-wákàtí 504 nìyẹn, ìyẹn gbogbo agbára tí bátìrì náà lè kó. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí ẹ ò fi gbogbo agbára sí i, ẹ ka wáàtì-wákàtí 10 fún kìlómítà kan. Bí òkè bá pọ̀, ẹ ka 15 sí 20. Torí náà 504 yẹn lè gbé yín lọ kìlómítà 50, ó sì lè jẹ́ 25 sí 33. Ẹ wá yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò fún atẹ́gùn iwájú, òtútù àti ọjọ́ ogbó bátìrì. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ ò ju kìlómítà 15 lọ, kí ló fẹ́ fi bátìrì ràgàjì ṣe? Ìwúwo lásán ni.

Ti iná, ó ń ṣẹlẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó gba oorun yín. Èyí tó ń gbiná jù ni bátìrì olówó pọ́ọ́kú, èyí tí wọ́n tú tí wọ́n tún dì, tàbí èyí tí wọ́n fi ṣájà olóríṣiríṣi gba iná sí. Ẹ wò ó bóyá àmì UL 2849 (ìlànà ààbò ti Amẹ́ríkà) tàbí EN 15194 (ti Yúróòpù) wà lára kẹ̀kẹ́. Ìlú New York sọ ọ́ di òfin ní 2023 pé kẹ̀kẹ́ oníná tí kò bá kọjá irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tà níbẹ̀ mọ́. Ṣájà tó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má gba iná sí i kí ẹ wá sùn. Ẹ má sì gba iná sí i ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò ó débẹ̀. Bátìrì tó bá já lulẹ̀, tó wú, tàbí tó ń rùn, ẹ gbé e kúrò nílé.

Bí ẹ ò bá ní gùn ún fún oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ ní kíkún, ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ. Ìdajì ni kó wà, níbi tó tutù tí kò lọ́rinrin. Òjò ò ní pa kẹ̀kẹ́ náà, àmọ́ ẹ má fi omi alágbára fọ̀ ọ́. Ó sì kù ẹyọ kan: ọkọ̀ òfuurufú èrò kì í gba bátìrì tó bá ju wáàtì-wákàtí 160 lọ, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí bátìrì kẹ̀kẹ́ tó lè wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣètò ìrìn àjò kí ẹ tó mọ ìyẹn.

Bàbá-Pẹ̀lẹ́:
Ẹ fi dígí sí i. Ọrùn àgbà kì í yí tán mọ́.

Àgbà-Orí-Kẹ̀kẹ́:
Kí ẹ sì mọ̀ pé awakọ̀ ò ní mọ eré tí ẹ ń sá. Á rí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á rò pé ẹ ń rọra bọ̀, á yà síwájú yín. Kò mọ̀ pé kìlómítà 25 ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi tó ìgbà mẹ́ta. Ní oríta, mo máa ń fi ìka sórí bíréèkì kí n tó rí ohunkóhun.

(Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà)

Orúnkún-Ń-Ro-Mí:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rà á o!

Mẹ́rin ni mo gùn wò. Baálé mi bá mi lọ. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó lágbára jù. Mo gorí ẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì báyìí, ó ta mí síwájú, díẹ̀ ló kù kí n bá ògiri sọ̀rọ̀. Baálé mi kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọn ò sọ̀rọ̀ wáàtì mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìkejì dára, ẹsẹ̀ mi ò kàn fẹ́ kọjá lára rẹ̀ ni, ní ẹ̀ẹ̀kẹfà mo ti ń mí hẹlẹ. Ìkẹta wúwo jù. Ìkẹrin ni mo mú: àárín rẹ̀ wálẹ̀, kílò 22, bíréèkì olómi, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára ẹsẹ̀. Mo bi òǹtajà léèrè bí Ọ̀rẹ́-Ṣéènì ṣe ní kí n bi í. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Màmá, ṣé ẹ ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe rí ni?”

Mo lo ọjọ́ mẹ́ta ní pápá tí kò sẹ́ni níbẹ̀, mo pa ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí n kàn fi mọ ìwúwo rẹ̀ àti bíréèkì. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bínú. Ohun tí a máa ń ṣe láyé ijọ́sí ni mo ṣe: ẹsẹ̀ kan lórí pẹ́dàlì, kí n fi èkejì ti ilẹ̀ sáré díẹ̀ kí n tó fò sókè. Mo gbàgbé pé ẹ̀rọ ti tàn. Bí mo ṣe fi ìwúwo mi lé pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ gbéra lọ, ó fi mí sílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó díẹ̀.

Ọ̀rẹ́-Ṣéènì:
Pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Irú ìṣubú yẹn ló wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn tẹ́lẹ̀. Ẹ jókòó ná. Ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, bíréèkì ní títẹ̀, pẹ́dàlì kejì lókè, níwájú díẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà. Ẹ tú bíréèkì sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ pẹ́dàlì. Bí ẹ bá dúró ní oríta, ẹ má fi ẹsẹ̀ sinmi lórí pẹ́dàlì, kí ẹ má sì tú bíréèkì. Kí ẹ tó dúró ni kí ẹ ti mú jíà wá sí èyí tó rọrùn, kí ẹ má baà fi èyí tó le gbéra. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Orúnkún-Ń-Ro-Mí:
Ẹ ṣé gan-an. Ó ku ìdí tó ń dùn mí. Mo ti ra ìjókòó tó fẹ̀, tó rọ̀ bí ìrọ̀rí, ó tún burú sí i.

Nọ́ọ̀sì-Àná:
Egungun ìdí méjì ló yẹ kó gbé yín. Èyí tó bá rọ̀ jù, egungun á rì sínú rẹ̀, ẹran ara ni á wá máa gba ìwúwo, itan á sì máa ha ìjókòó. Ẹ wá èyí tó fẹ̀ níwọ̀n ṣùgbọ́n tó le díẹ̀. Kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ-Màmá:
Ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀, àmọ́ kó má kéré ju ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Táyà tó bá nípọn bí íǹṣì 2 lè gbà á, ó máa ń gbé gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà mì. Òpó ìjókòó tó ní ìsípíríìnì tún wà, òun ni màmá mi fi ń yangàn báyìí.

Bàbá-Pẹ̀lẹ́:
Ẹ sì má máa gùn ún ní ìpele ìrànlọ́wọ́ tó lágbára jù torí pé ó wà níbẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi, ọdún 9 ló wà láàárín wa, ẹsẹ̀ wa ò dọ́gba rí. Láyé kẹ̀kẹ́ lásán, ẹ̀yìn ara wa la máa ń rí. Báyìí, wọ́n fi tiwọn sí ìpele 3, mo fi tèmi sí 1, a jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, a ń sọ̀rọ̀. Àárọ̀ kùtù la máa ń jáde, kí mọ́tò tó pọ̀. Ní ìpele ìsàlẹ̀ yẹn, ẹ̀rọ kì í dún, ẹ máa gbọ́ ẹyẹ.

Orúnkún-Ń-Ro-Mí:
Mo wá ròyìn. Òkè tí mo ń yẹ̀ fún láti ọdún mélòó kan, mo gùn ún láàárọ̀ yìí. Mi ò sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ò ké. Nígbà tí mo dókè, mo tún sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, mo tún un gùn, kó lè dá mi lójú pé èmi ni.

Ọ̀rọ̀ tuntun ti délẹ̀ ṣá. Ọjọ́ kẹrin rèé tí baálé mi ń yá kẹ̀kẹ́ mi “láti lọ wo nǹkan kan”. Lónìí mo bá ìjókòó mi lókè fíofío, bátìrì ku ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ní kí n bi yín pé, fún ọkùnrin tó ga, tí ẹ̀yìn ń dùn díẹ̀díẹ̀, èwo ló dára?

Àgbà-Orí-Kẹ̀kẹ́:
Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá bèèrè fúnra wọn. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.